Owó Tó Bá Àsìkò Ìgbìn Mu: Ìrànwọ́ Ìjọba fún Àgbẹ̀ Lẹ́yìn Àjálù

 

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó tí ìjọba ń fún àgbẹ̀ nígbà tí àjálù bá bá oko rẹ̀, ìbáà ṣe omíyalé, ìbáà ṣe ọ̀dá, ìbáà ṣe àrùn tó ń pa ẹran ọ̀sìn. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, n kò sì ní lè kan gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Ibi tó ká mi lára jù ni n óò dúró sí: ọjọ́ tí owó náà ń dé. Mo gbà pé owó kékeré tó bá tètè dé, tí àgbẹ̀ fi lè gbin nǹkan mìíràn, sàn ju owó ńlá tó dé nígbà tí àsìkò ìgbìn ti kọjá. Mo sì gbà pé ó ṣe é ṣe kó dé lásìkò, bí ìjọba bá ti pinnu ẹni tí yóò gbà á, iye tí yóò gbà àti ibi tí owó náà yóò ti jáde, kí omi tó kún rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Ní 2012, òjò pọ̀ lápọ̀jù, wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Lagdo ní ilẹ̀ Kamẹrúùn. Omi náà gba Adamawa, Tàrábà àti Bẹ́núé kọjá, ó bá ti odò Ọya pàdé, ó gba Ìdá àti Ìbàjì lọ sí Anámbra, ó sì wọ Délítà dé Bàyélsà. Ènìyàn 363 ni NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, kà pé ó kú, àwọn tó sì fi ilé sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde bílíọ̀nù 17.6 náírà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí omi bà jẹ́ àti fún àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀, ó sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, tí Alhaji Aliko Dangote àti agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba jẹ́ alága rẹ̀, kí wọ́n lè tọrọ owó kún un lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, omi tún dé. Ní 2022, ó lé ní 600 ènìyàn tó kú, mílíọ̀nù 1.4 ló sì di aláìnílé. Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ohun tó bàjẹ́ tó bílíọ̀nù 6.68 dọ́là. Ìdídò Lagdo kan náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ parí ní 1982 ni a ti mọ̀ pé ó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adamawa láti gba omi náà dúró. Nígbà tí omi 2022 dé, ìdídò Dasin Hausa kò tíì parí. Ìjọba tí kò bá parí ìdídò kò lè sọ fún àgbẹ̀ pé àmúwá Ọlọ́run nìkan ni ohun tó bá a.

Nísinsìnyí, ẹ fara balẹ̀ bá mi wo bí omi náà ṣe ń ba àgbẹ̀ jẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń kọ ìwé ètò ìrànwọ́ ti máa ń ṣìnà.

Omi máa ń ga jù ní Lọ́kọ́ja láàárín oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ìrẹsì ti ń gbó nígbà yẹn. Iṣu ti tó wà. Àgbẹ̀ ti ná gbogbo owó tó ní lórí ilẹ̀: owó ebè kíkọ, owó oko ríro, owó ajílẹ̀, owó àwọn alágbàṣe. Kò ku ohun kan ju kó kórè lọ. Ẹ̀gẹ́ tí omi bò mọ́lẹ̀ á jẹrà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá tètè fura á sáré wa tirẹ̀ láìgbó, gbogbo àdúgbò á sì gbé ẹ̀gẹ́ dé ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ á já wálẹ̀. Ẹni tí omi kò tilẹ̀ dé oko rẹ̀ náà á pàdánù.

Ohun tí ará ìlú ńlá kì í rò dé ni èbù. Oníṣu kì í dúró de ìrúgbìn tuntun láti ọjà lọ́dọọdún. Èbù tó yà sọ́tọ̀ lára iṣu tọdún yìí ni yóò gbìn lẹ́ẹ̀mìíràn. Omi tó gbé iṣu lọ gbé èbù lọ pẹ̀lú, ìyẹn ni pé ó ti kórè ọdún tó ń bọ̀ kí ọdún náà tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi ẹ̀gẹ́ rí. Tí ìjọba bá wá gbé mátírẹ́ẹ̀sì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìrẹsì àti àpò ìndómì dé ibùdó àwọn tó sá fún omi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó tọ́, ó yẹ, ebi kì í dúró. Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ ọmọ ènìyàn tébi ń pa nìyẹn. Ìrànwọ́ àgbẹ̀ ni èbù, igi ẹ̀gẹ́, ìrúgbìn àgbàdo àti owó alágbàṣe. A kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ká wá sọ nínú ìwé ìròyìn pé a ti ran àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Omi á fà ní oṣù kọkànlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá àkùrọ̀ mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e: ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ á lọ́ràá, ọ̀rinrin á wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní owó ìrúgbìn lọ́wọ́ láàárín oṣù kọkànlá sí ìkejìlá lè gbin àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti ata síbẹ̀, yóò sì rí nǹkan tà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọjà wọ́n. Bí owó ìjọba bá dé ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, ó ti pàdánù àkùrọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì lè bá òjò àkọ́rọ̀ mu. Bí ó bá di oṣù kẹfà tàbí ìkeje, kò bá èyíkéyìí mu mọ́. Àgbẹ̀ náà ti lọ yá owó èlé. Owó ìjọba yóò wọ apá rẹ̀ gba ọ̀tún, yóò gba òsì jáde sọ́dọ̀ sọgúndogójì.

Ìbànújẹ́ owó èlé kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Àwọn baba wa mọ ìwọ̀fà. Ẹni tí ọdún bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lè fi ọmọ rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ sìn ní oko ẹlòmíràn títí yóò fi san owó tó yá. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ìwọ̀fà ti kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ti ta ìkórè tí kò tíì gbó fún alájàpá ní ìdajì owó, nítorí pé omi gbé ti àná lọ, ń ṣe iṣẹ́ fún ẹlòmíràn lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Àáró àti ọ̀wẹ̀ dára, wọ́n ń gba ẹnì kan tí iná jó oko rẹ̀ là. Wọn kò lè gba abúlé tí omi bò látòkè délẹ̀, torí gbogbo ẹni tó yẹ kó wá ṣe ọ̀wẹ̀ ni omi bá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé ìjọba kò jẹ àgbẹ̀ ní gbèsè kankan, pé àánú lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn tiwa níbí. Ní 1947 ni ìjọba amúnisìn dá Ìgbìmọ̀ Tó Ń Ta Kòkó sílẹ̀, nígbà tó sì di 1954, ìgbìmọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn gba iṣẹ́ náà. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún àgbẹ̀ yéni: iye tí ọjà àgbáyé bá san ju iye tí wọ́n fún àgbẹ̀ lọ, wọn yóò tọ́jú rẹ̀, kó lè di àtìlẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún tí nǹkan bá burú. Owó náà pọ̀ gidigidi. Nínú owó kòkó ni agbègbè wa ti rí agbára ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, nínú rẹ̀ ni Ilé Kòkó ní Ìbàdàn ti jáde ní 1965. Èmi kì yóò bú ẹni tó kọ́ ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ wa níbí ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a ní ká pa mọ́ de ọdún burúkú àgbẹ̀ ni a fi kọ́ ìlú, nígbà tí ìjọba sì pa àwọn ìgbìmọ̀ náà rẹ́ ní 1986, kò sí àpò kankan tí àgbẹ̀ lè nawọ́ sí mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe owó ìrànwọ́ ní ẹ̀tọ́.

Àgbẹ̀ wa kò sì fìgbà kan dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àrùn tó ń wú ẹ̀ka kòkó wọ agbègbè Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1940, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi kòkó olóko kí àrùn má bàa ràn, ìbínú sọ. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Máyégún dìde láti kọ gígé náà, Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn, sì bá wọn pawọ́ pọ̀ nínú òṣèlú. Ìmọ̀ àwọn onímọ̀ tọ̀nà nípa àrùn náà. Ohun tí ìjọba kò rí ni pé ẹni tí a gé igi rẹ̀ kò ní rí kòkó tà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó di pé igi tuntun so. Ẹni tí kò bá fi ọkàn àgbẹ̀ balẹ̀ lórí ohun tí yóò jẹ títí di ìgbà yẹn kò lè rí i bá ṣe.

A tún rí irú rẹ̀ ní 2006. Ní oṣù kejì ọdún náà ni àrùn adìyẹ tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, bird flu, kọ́kọ́ yọjú ní Áfíríkà, ní oko kan ní Jàjí, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ìjọba pàṣẹ kí wọ́n pa gbogbo ẹyẹ ọ̀sìn ibi tí àrùn bá dé, wọ́n sì kéde owó gbà-má-bìínú: 250 náírà lórí adìyẹ kan. Adìyẹ tó ń yé ẹyin níye lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jà. Ẹ̀yin olókoòwò adìyẹ mọ ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń sọ fún ẹni tí adìyẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóru: pé kó tètè tà wọ́n láàárọ̀, kó má pe dókítà ẹran. Owó tí kò tó, tàbí tí kò dájú, ń mú kí àrùn tàn ká. Owó tó péye, tó sì yá, jẹ́ apá kan nínú ìwòsàn àrùn náà.

Ẹ ó ní ṣé kò sí ìdójútòfò ni. Ó wà. Ìjọba àpapọ̀ dá ètò ìdójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1987, òun ló di àjọ NAIC tí a mọ̀ lónìí. Ètò náà dára lórí ìwé. Lórí àwọn ohun ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn tí ètò náà kàn, nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó yẹ kí àgbẹ̀ san, àádọ́ta péré ni yóò ti àpò rẹ̀ jáde. Ìjọba àpapọ̀ yóò san 37.5, ìjọba ìpínlẹ̀ yóò san 12.5. Ní Íńdíà, níbi tí ètò ìjọba tuntun kan ti bẹ̀rẹ̀ ní 2016, wọ́n tilẹ̀ jẹ́ kí àgbẹ̀ tó gbin oúnjẹ ìgbà òjò san ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a fi dójú tòfò, ìjọba sì gbé ìyókù. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ yín kò ní in níbí? Àwọn tó ní in jẹ́ àwọn tó yá owó ní báńkì, nítorí báńkì ló fi dandan lé e. Àgbẹ̀ tó ń fi owó àjọ àti èsúsú dáko, òṣìṣẹ́ ìdójútòfò kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí oko bá sì bàjẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá fojú rí i kó tó di pé wọ́n san kọ́bọ̀. Lọ́dún tí omi bo ìpínlẹ̀ bí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń wo oko kò lè kárí, omi á ti fà kí wọ́n tó dé, ẹ̀rí á sì ti bá omi lọ.

Ẹni tí à ń pè ní àgbẹ̀ nínú ìwé ìjọba náà tún jẹ́ wàhálà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ wa kò ni ilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san. Àwọn kan wá láti ìlú Ẹ̀gbìrà, àwọn mìíràn láti Àgàtú tàbí láti Tógò. Obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní ẹ̀bá odò ń lo ilẹ̀ ọkọ tàbí ilẹ̀ ẹbí ọkọ. Tí a bá ní kí wọ́n mú ìwé ilẹ̀ wá kí wọ́n tó gbowó, onílẹ̀ tí kò na ọwọ́ sí ọkọ́ láti ọdún yìí wá ni yóò gbà á. Ìlànà tó tọ́ rọrùn láti sọ: ẹni tó gbìn ni kó gbà. Láti mú un ṣẹ, a ní láti ti mọ ẹni tó gbìn kí omi tó dé, kí baálẹ̀ àti olórí ẹgbẹ́ jẹ́rìí sí i, kí a sì lẹ orúkọ gbogbo wọn mọ́ ara ògiri ọjà tàbí ààfin, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Àgbẹ̀ àfẹnusọ tí kò ní oko, tí orúkọ rẹ̀ bá wà lára ògiri, àwọn ará abúlé ni yóò kọ́kọ́ tú u fó.

Nípa ti àkókò, àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gbìyànjú ohun tí a lè kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Ní Bangladẹ́ṣì, ní oṣù keje 2020, nígbà tí ìṣirò fi hàn pé odò Jamuna yóò kún, àjọ oúnjẹ àgbáyé fi 4,500 taka ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ìdílé tó wà lójú ọ̀nà omi kí omi tó dé góńgó rẹ̀. Wọ́n rí owó ra oúnjẹ, wọ́n rí owó kó ẹran ọ̀sìn wọn sá. Wọn kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá ka òkú ewúrẹ́. Ní Nàìjíríà, a ní àjọ tó ń wọn omi odò, NIHSA, a ní NiMet tó ń sọ bí òjò yóò ṣe rí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kéde àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè bò. Ìkéde náà nìkan kò tó láti tú owó jáde fún àgbẹ̀. Tí a bá kọ ọ́ sínú òfin pé nígbà tí omi bá ga dé ìwọ̀n kan ní Lọ́kọ́ja, kí owó jáde lọ́jọ́ náà fún àwọn tó wà lórí ìwé, kò ní sí ìdí láti dúró de ìgbìmọ̀ tàbí ìbẹ̀wò gómìnà.

Mo fẹ́ kìlọ̀, nítorí irú ètò yìí náà ní ewu tirẹ̀. Màláwì ra ìdójútòfò ọ̀dá lọ́dọ̀ African Risk Capacity, àjọ tí Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá sílẹ̀. Ọ̀dá mú wọn ní 2016, ebi wọ̀lú, ìjọba wọn kéde ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ní oṣù kẹrin. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò ìdójútòfò náà ní ọ̀dá kò ṣe àgbàdo wọn tó bẹ́ẹ̀, pé kò yẹ kí wọ́n gba owó. Ìgbà tí wọ́n padà lọ wo oko ni wọ́n rí i pé irú àgbàdo tó ń yára gbó ni àwọn àgbẹ̀ gbìn, tí ìṣirò sì ti ka àgbàdo tó ń pẹ́. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbà láti san mílíọ̀nù 8.1 dọ́là, ṣùgbọ́n ọdún 2017 ti wọlé kí owó náà tó dé. Bí wọ́n bá ti béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ìyà náà kì bá tí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣe tiwa, kí àwọn tó ń dá àkùrọ̀ jókòó sí tábìlì tí a ti ń pinnu ìwọ̀n omi náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Lọ́kọ́ja nìkan. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò kan ṣoṣo pa ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Ìbàdàn, ó sì gbá oko ẹja lọ, títí kan ti Yunifásítì Ìbàdàn. Nítòsí wa níbí ní Abẹ́òkúta ni ìdídò Ọ̀yán wà, tí wọ́n parí ní 1983. Ó ń fún wa lómi mu, ó ń fún Èkó náà. Nígbà tí ó bá kún, wọ́n á tú omi rẹ̀ sínú odò Ògùn, oko ẹ̀fọ́ àti adágún ẹja láti Mókòlókì dé Ìṣẹrì á sì gbà á sára. Àwọn tó ń tú omi náà mọ ọjọ́ tí wọn yóò tú u. Tí a bá mọ ọjọ́ tí a óò tú omi sí oko ẹnì kan kí ìlú lè rí omi mu, kò sí àwáwí kankan fún wa tí a kò bá mọ ọjọ́ tí a óò san owó oko rẹ̀.

Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ̀yin lẹ mọ bí ètò ìsúná ṣe ń wọlé. Mo bẹ̀ yín, ẹ ya owó kan sọ́tọ̀ nínú ti ọdún tó ń bọ̀ fún àgbẹ̀ ẹ̀bá odò, ẹ kọ iye omi tí yóò tú u jáde sí i, ẹ fi oṣù kọkànlá ṣe gbèdéke sísan án, ẹ sì fi òfin dá báńkì dúró kí wọ́n má gba èlé lọ́wọ́ ẹni tí omi bá títí yóò fi kórè. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ yín lọ́sẹ̀ yìí: orúkọ ẹni tó gbìn, ohun tó gbìn, bí oko rẹ̀ ṣe tóbi tó, nọ́ńbà fóònù tí a lè fi owó ránṣẹ́ sí, ẹ má sì yọ àwọn obìnrin àti àwọn àtìpó sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan síwájú kábíyèsí, ẹ fi ọ̀kan sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì ti parí kí wọ́n tó tún ṣí ilẹ̀kùn Ọ̀yán.